Ta Ló Ni Èsì Scan?



Lọ́dún tó kọjá, ìyá kan mú ìyàwó ọmọ rẹ̀ wá bá mi nílé ní Gbàgádà. Oyún rẹ̀ ti pé oṣù márùn-ún, ó sì ti bí obìnrin méjì ṣáájú. Ìyá ní, "Bàbá, obìnrin náà tún ni eléyìí. Ẹ bá wa yọ ọ́ kó tó pẹ́ jù." Mo bi í pé ta ló sọ fún un. Ó ní ẹni tó ṣe scan ló pe òun lórí fóònù. Mo wojú ìyàwó, omi ti lé ròrò sójú ẹ̀. Ẹnu ìyá ọkọ ló ti gbọ́ ohun tó wà nínú ara òun fúnra rẹ̀.

Mo ní, "Ìyá, ẹ má bínú, Ifá tèmi kì í ba oyún jẹ́."

Ní Íńdíà, níbi tí wọ́n ti ń ṣẹ́ oyún nítorí pé ọmọ jẹ́ obìnrin, ìjọba ṣòfin ní 1994. Ilé scan gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀, kó gbé pátákó kọ́ pé àwọn kì í sọ akọ tàbí abo, kó sì kọ fọ́ọ̀mù fún aláboyún kọ̀ọ̀kan. Wọn ò gbọ́dọ̀ fẹnu sọ ọ́, wọn ò sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ júwe é. Ẹ̀wọ̀n ń bẹ fún ẹni tó bá rú u.

Nàìjíríà ò ní irú òfin yẹn. Tí aláboyún bá bèèrè, wọ́n lè sọ fún un. Ṣùgbọ́n Òfin Ìlera ti 2014, ẹ̀ka 26, sọ pé àṣírí ni ọ̀rọ̀ ẹni tó wá gba ìtọ́jú. Láìjẹ́ pé òfin tàbí ilé ẹjọ́ pàṣẹ, tàbí pé ewu fẹ́ kan ará ìlú, àfi kí ẹni tó ni ín fọwọ́ sí i nínú ìwé kí wọ́n tó sọ ọ́ fún àgbàlagbà mìíì. Kò yọ ìyá ọkọ sílẹ̀. Ẹni tó bá sì bá obìnrin ṣẹ́ oyún torí pé abo ni lè lọ sẹ́wọ̀n ọdún 14.

Àwa Yorùbá ò tiẹ̀ ní àwáwí. Láti 1908, nínú ẹjọ́ Lewis àti Bankole, ilé ẹjọ́ l'Ékòó ti sọ pé obìnrin tó bá jẹ́ àgbà nínú àwọn ọmọ lè jẹ́ olórí ẹbí. Àwọn kan á ní ṣebí àwọn irúnmọlẹ̀ wúre kí Ọ̀ṣun bí ọkùnrin. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n kí ló gbé wọn débẹ̀? Wọ́n fojú di obìnrin kan ṣoṣo tó wà láàrin wọn, gbogbo ohun tí wọ́n dáwọ́ lé bá dàrú.

Mo gba ìwé scan lọ́wọ́ ìyàwó, mo kà á. Akọ tàbí abo ò sí níbẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ ni pé ibi ọmọ wà nísàlẹ̀, ó sún mọ́ ẹnu ilé ọmọ, kó lọ rí dókítà, kó sì padà wá ṣe scan mìíì. Ẹnikẹ́ni nínú wọn ò kà á! Bẹ́ẹ̀ ibi ọmọ tó bá dí ọ̀nà lè mú kí ẹ̀jẹ̀ ya lára ìyá, ó sì lè pa tìyá tọmọ.

Mo da Ifá. N ò bèèrè akọ tàbí abo, àlàáfíà ìyá àti ọmọ ni mo bèèrè. A rú ẹbọ tó jáde. Mo wá ní, "Ìyá, ó ku ọsibítù." Wọ́n lọ. Nígbà tí oyún pé oṣù mẹ́jọ, ibi ọmọ ṣì wà níbẹ̀, iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbẹ̀bí. Ìyá yè, ọmọ yè. Ìyá ọkọ gan-an ló gbé ọmọbìnrin náà wá kí n ṣe àkọsẹ̀jayé rẹ̀.

Ẹ̀yin aláboyún ilé wa, ẹ bèèrè bóyá ilé scan ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ HEFAMAA, àjọ ìjọba Èkó tó ń bójú tó ilé ìwòsàn. Ẹ sọ fún wọn pé ẹ̀yin ni kí wọ́n fún lésì. Ẹ bèèrè ibi tí ibi ọmọ wà kí ẹ tó bèèrè akọ tàbí abo. Ẹ̀yin awo ẹgbẹ́ mi, ẹni tó bá ní kí ẹ ba oyún jẹ́, ẹ kọ̀ fún un.

Ọmọ lọmọ ń jẹ́. Àbọrú àbọyè, àbọṣíṣẹ.