Ìwé Àṣẹ Ẹran Ìgbẹ́ ní Àbújá: Ta Ló Ń Fúnni?

Ẹni tó bá fẹ́ máa ta ẹran ìgbẹ́ ní Àbújá sábà máa ń béèrè pé níbo ni wọ́n ti ń gba ìwé àṣẹ. Ìbéèrè tó dára ni, àmọ́ kì í ṣe ìwé kan ṣoṣo ló ń gbé òwò náà. Òfin wo ẹranko tó kú lọ́tọ̀, ó wo ìbọn tó pa á lọ́tọ̀, ó sì wo ibi tí wọ́n ti ń tà á lọ́tọ̀. Ọ̀kan kì í dúró fún èkejì. Tíkẹ́ẹ̀tì tí òṣìṣẹ́ kánsù ń já fún ọlọ́jà ni ọ̀pọ̀ ń fi ṣe àṣẹ, bẹ́ẹ̀ owó ọjà lásán ni. Kò sọ ohunkóhun nípa ohun tó wà nínú ìkòkò.

Orí ẹranko fúnra rẹ̀ ni ká ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀wọ̀n wà. Nàìjíríà wọ inú àdéhùn CITES, tó ń ṣàkóso títa ẹranko àti ewéko ìgbẹ́ láti ilẹ̀ kan sí òmíràn, ní 1974. Ní 1985 ni ìjọba ológun wá ṣe òfin tí a mọ̀ sí Endangered Species Act, wọ́n sì tún un ṣe ní 2016. Òwò ilẹ̀ òkèèrè ni orúkọ òfin náà ní kíkún ń pè, ìdí nìyí tí àwọn ọlọ́jà fi gbà pé kò kan ẹni tí kò kó ẹrù dé pápákọ̀ òfurufú. Ẹ̀ka kìíní rẹ̀ kò sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tó wí ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ dẹ, kò gbọ́dọ̀ mú, kò sì gbọ́dọ̀ ta ẹranko tí orúkọ rẹ̀ wà nínú àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́. Erin ń bẹ níbẹ̀, ẹkùn ń bẹ níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìnàkí àti akika. Ti àwọn wọ̀nyí kò ní ìwé àṣẹ kankan: kì í ṣe pé owó rẹ̀ wọ́n, kò sí ni.

Àkọsílẹ̀ kejì ni ìwé àṣẹ wà fún. Ẹranko tó bá wà níbẹ̀ ṣeé dẹ, ó sì ṣeé tà, bí ẹni tó ń ṣe é bá ti gba ìwé lábẹ́ òfin náà. Àjọ NESREA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2007, ló ń mú òfin náà ṣẹ, Garki sì ni olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà. Ọlọ́jà Àbújá sún mọ́ ibi tó ti lè béèrè ju ẹni tó ń tà ní Ìsẹ́yìn lọ, àmọ́ n kò rò pé ó ń lò ó.

Ohun tó le jù ni pé òfin ń pe ẹranko lórúkọ, ọjà kì í pè é. Nígbà tí wọ́n bá ti sun irun rẹ̀, tí wọ́n gé e sí wẹ́wẹ́, tí iná sì ti yan án dúdú, ta ló máa mọ̀ bóyá ẹtu ni àbí ọ̀bọ? Ẹni tó rà á lọ́wọ́ alájàpá lójú ọ̀nà Lọ́kọ́ja lè má mọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ náà ni wọ́n á sì ti bá a.

Ti ìbọn kò gùn. Firearms Act ti 1959 ló ń darí rẹ̀, títí kan ṣakabùlà, ọdẹ ló sì kàn ju ẹni tó ń tà lọ.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe mú ìwé ìpínlẹ̀ rẹ̀ wá sí Àbújá kó wá máa fi yangàn. Àwọn ìpínlẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá jogún òfin ẹranko ìgbẹ́ tiwọn látọwọ́ Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn àtijọ́. Àbújá kò sí lára rẹ̀: láti ara ìpínlẹ̀ Niger, Plateau àti Kwara ni wọ́n ti gé ilẹ̀ olú-ìlú yìí ní 1976. Kò ní ilé aṣòfin ìpínlẹ̀. Ẹ̀ka 299 nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999 fi iṣẹ́ yẹn lé Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àpapọ̀ lọ́wọ́.

Ibi títà ló kù. Kánsù mẹ́fà ló wà: Abaji, Bwari, Gwagwalada, Kuje, Kwali àti AMAC tó di àárín ìlú mú. Ìwé òfin fi ọjà, odò ẹran àti ilé oúnjẹ sábẹ́ irú ìjọba ìbílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Wólé-wólé lè yẹ ilé oúnjẹ wò, ó lè bi wọ́n nípa omi àti ìdọ̀tí, kó sì ti ibẹ̀ pa. Ṣùgbọ́n ihò ńlá kan wà níhìn-ín tí mi ò rí ẹni tó dí i. Màlúù tí wọ́n pa ní odò ẹran Karu, ó yẹ kí dókítà ẹran rí i láàyè, kó sì tún wo ẹ̀dọ̀ àti fùkù rẹ̀ lẹ́yìn tí alápatà bá ti là á. Ọ̀yà tó ti inú ìgbẹ́ wá kò gba ibẹ̀ kọjá. Kò sẹ́ni tó rí i láàyè àfi ọdẹ, ọdẹ náà kò sì kẹ́kọ̀ọ́ ìwòsàn ẹran.

Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé nígbà tí àrùn bá dé ni ìjọba máa ń rántí ẹran ìgbẹ́. Ebola dé Èkó ní July 2014, ọjà àwọn ẹlẹ́ran ìgbẹ́ sì dẹnu kọlẹ̀ fúngbà díẹ̀. Ní òpin May 2022, mínísítà ètò ọ̀gbìn kéde pé kí wọ́n dáwọ́ títa ẹran ìgbẹ́ dúró nítorí mpox. Ní July 2023, wọ́n rí anthrax nínú oko ẹran kan ní agbègbè Suleja, ẹ̀gbẹ́ Àbújá níbí, ìkìlọ̀ sì tún jáde lórí ẹran ìgbẹ́ àti pọ̀nmọ́. Ìkéde ń wá, ìkéde ń lọ, ẹran ṣì ń bẹ lórí ààrò. Ghana gba ọ̀nà tó yé èèyàn jù: láti ọjọ́ kìíní August sí ọjọ́ kìíní December lọ́dọọdún, wọ́n ti ìgbẹ́ pa fún ọdẹ, ọ̀yà nìkan ni wọ́n yọ sílẹ̀, ẹni tó bá sì máa dẹ ẹ́ nígbà náà gbọ́dọ̀ gba ìwé. Ọmọdé pàápàá lè ka irú òfin bẹ́ẹ̀ sórí.

Nílé wa, ìyà ni wọ́n ń fi kún. Nígbà tí òfin 1985 jáde, ₦1,000 ni ìtanràn ẹni tó kọ́kọ́ rú u lórí àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́. Àbá òfin tuntun tí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣojú-ṣòfin fọwọ́ sí ní May 2025, tí Sẹ́nétì sì fọwọ́ sí ní October ọdún náà, gbé e dé mílíọ̀nù 12 náírà àti ẹ̀wọ̀n tó lè tó ọdún 10.

Ẹni tó bá fẹ́ sùn dáadáa, ọ̀yà tí wọ́n sìn lóko ni kó lọ rà. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe é ní orílẹ̀-èdè Benin, ó sì ti mọ́ àwọn olóko wa náà lára. Kó gba rísíìtì tó ní orúkọ oko àti ọjọ́ tí wọ́n pa ẹran náà, kó sì tọ́jú rẹ̀ síbi tí ọwọ́ lè tó, nítorí ohun tí wólé-wólé lè béèrè kì í ṣe tíkẹ́ẹ̀tì kánsù.