Iná Àpò Afẹ́fẹ́ Tí Ó Kọ̀ Tí Kò Kú

Nígbà tí awakọ̀ bá wọ inú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ rẹ̀ tí ó sì yí kọ́kọ́rọ́, oríṣìíríṣìí iná wẹ́wẹ́ ni yóò tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù níwájú rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ní àwòrán ènìyàn tí ó jókòó, tí ohun róbótó kan bí bọ́ọ̀lù sì wà níwájú àyà rẹ̀. Bí ohun gbogbo bá wà bí ó ti yẹ, iná yìí yóò tàn fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 6, lẹ́yìn náà yóò kú. Ìtumọ̀ èyí ni pé ọkọ̀ ti yẹ àpò afẹ́fẹ́ rẹ̀ wò, kò sì rí àléébù. Ṣùgbọ́n bí iná náà bá tàn tí ó kọ̀ tí kò kú, a jẹ́ pé nǹkan kan kò tọ́. Ọ̀pọ̀ ẹni tí ó ra ọkọ̀ tòkunbọ̀ ni ó ti bá iná yìí pàdé, tí wọn kò sì kà á sí, nítorí pé kì í dá ọkọ̀ dúró lójú ọ̀nà.

Àpò tí a fi aṣọ náílọ́ọ̀nù rán ni àpò afẹ́fẹ́. Wọ́n ká a pọ̀ sí àárín sítíárìn, wọ́n sì ká òmíràn sí iwájú ẹni tí ó jókòó ti awakọ̀. Nígbà tí ọkọ̀ bá fi agbára kọlu nǹkan, àwọn ohun kéékèèké tí ń ṣọ́ ìkọlù yóò ta àpótí kan lólobó. Àpótí yìí ni ọpọlọ àpò afẹ́fẹ́. Òun ni yóò rán iná mànàmáná sí oògùn kan tí ń jó bí ẹtù lẹ́yìn àpò. Oògùn náà yóò gbiná, afẹ́fẹ́ yóò sì kún inú àpò bámúbámú kí orí awakọ̀ tó kan sítíárìn. Kíkún náà kì í gbà tó ìdá kan nínú 20 ti ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìpajú lásán pẹ́ jù ú lọ. John Hetrick, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ni ó gba ìwé ẹ̀tọ́ olùdásílẹ̀ lórí irú àpò bẹ́ẹ̀ ní 1953, ṣùgbọ́n ó di 1973 kí ilé-iṣẹ́ General Motors tó ta ọkọ̀ tí ó ní in fún ará ìlú. Láti orí ọkọ̀ ọdún 1998 ni òfin ilẹ̀ náà ti sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun.

Ohun tí ó yẹ kí olúkúlùkù mọ̀ ni pé, nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, nígbà tí iná yìí bá ń tàn, ọpọlọ náà ti so ọwọ́ ara rẹ̀. Bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó ṣeé ṣe kí àpò má tú rárá. Bẹ́líìtì nìkan ni yóò ṣẹ́kù láàrin awakọ̀ àti sítíárìn, bí ó bá jẹ́ pé ó tilẹ̀ dè é.

Ká ní bàbá kan ra Toyota Corolla tí wọ́n ṣe ní 2005. Ọkọ̀ náà ń sáré dáadáa, ẹ̀rọ ìmútútù rẹ̀ ń tutù, ṣùgbọ́n iná àpò afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò kú láti ọjọ́ tí ó ti gbà á. Mẹkáníìkì àkọ́kọ́ tí ó fi hàn rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ẹ má da ara yín láàmú, bàbá. Ẹ jẹ́ kí n bá yín yọ gílóòbù rẹ̀.” Irú àtúnṣe yìí wọ́pọ̀, ó sì rọrùn. Àwọn mìíràn tilẹ̀ gbọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ: wọn a so wáyà iná náà mọ́ ti iná ọ́ìlì, kí ó lè máa tàn kí ó sì máa kú bí ẹni pé ara rẹ̀ dá. Ẹni tí ó ṣe èyí dà bí ẹni tí ó pa ajá rẹ̀ nítorí pé ó ń gbó olè. Nítorí náà, ohun tí ó yẹ kí ẹni tí ó fẹ́ ra ọkọ̀ àlòkù kọ́kọ́ wò ni bóyá iná náà tilẹ̀ ń tàn nígbà tí a bá yí kọ́kọ́rọ́. Èyí tí kò tàn rárá burú ju èyí tí kò kú lọ, nítorí pé ó lè jẹ́ ọkọ̀ tí ó ti ní ìjàǹbá ní òkè òkun, tí àpò rẹ̀ ti tú, tí wọ́n sì lẹ ìdérí sítíárìn padà sórí ihò òfìfo.

Bàbá náà kọ̀, ó gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ réwáyà tí ó mọ iṣẹ́. Ìbéèrè ni ọkùnrin yìí fi bẹ̀rẹ̀. Ó béèrè bóyá bátìrì ti kú rí láìpẹ́, nítorí pé bí iná bátìrì bá rẹlẹ̀ jù, ọpọlọ náà lè kọ àṣìṣe sílẹ̀, àkọsílẹ̀ náà sì lè wà níbẹ̀ títí lẹ́yìn tí a ti ra bátìrì tuntun. Ó wo abẹ́ ìjókòó iwájú méjèèjì. Àwọn wáyà tí ó ní ẹnu ìsopọ̀ aláwọ̀ ìyeyè ni ti àpò afẹ́fẹ́ àti ti bẹ́líìtì. Bí a ti ń ti ìjókòó síwá-sẹ́yìn, tàbí bí ẹnì kan bá ti agboòrùn bọ abẹ́ rẹ̀, wọ́n lè tú díẹ̀. Bí omi òjò bá sì wọ abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, ìpẹtà yóò mú ẹnu wọn. Níbí yìí, gbígbẹ ni wọ́n gbẹ, wọ́n sì so pinpin.

Lẹ́yìn náà ni ó tẹ fèrè ọkọ̀. Fèrè náà ń dún lẹ́ẹ̀kan, ó ń kọ̀ lẹ́ẹ̀kan, gẹ́gẹ́ bí ó ti ń yí sítíárìn sí ọ̀tún àti sí òsì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò bínú pé kí ni fèrè kàn nínú ọ̀rọ̀ àpò afẹ́fẹ́. Ó kàn án gidigidi. Sítíárìn ń yí, ara ọkọ̀ kò yí. Wáyà lásán yóò lọ́ mọ́ra yóò sì já. Nítorí náà wọ́n ká okùn wáyà pẹlẹbẹ kan sínú ike róbótó lẹ́yìn sítíárìn bí wọ́n ti ń ká irin tẹ́ẹ́rẹ́ sínú aago ọwọ́, kí ó lè máa tú kí ó sì máa ká. Kílọ́ọ̀kì-sípírìn ni àwọn réwáyà ń pè é. Inú rẹ̀ ni wáyà àpò awakọ̀ àti wáyà fèrè jọ ń gbà. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, okùn náà a máa sán, á sì já. Mẹkáníìkì pàápàá lè já a lọ́jọ́ kan ṣoṣo, bí ó bá tú ìsàlẹ̀ sítíárìn láìdè é mọ́ ojú kan, tí ó sì jẹ́ kí ó yí kọjá ibi tí okùn lè dé.

Réwáyà náà kò tíì gba ara rẹ̀ gbọ́. Ó so ẹ̀rọ tí ń ka àṣìṣe mọ́ ọkọ̀, kì í ṣe èyí kékeré tí ń ka ti ẹ́ńjìnnì nìkan, bí kò ṣe èyí tí ó lè bá ọpọlọ àpò afẹ́fẹ́ sọ̀rọ̀. Ẹ̀rọ náà ní ọ̀nà iná àpò awakọ̀ ti já. Ibí yìí ni òpè ti máa ń fi owó ṣòfò. Ẹ̀rọ kò sọ pé àpò ni ó bàjẹ́; ọ̀nà tí iná ń gbà ni ó dárúkọ, ọ̀nà náà sì gùn láti ọpọlọ dé inú àpò. Ẹni tí ó bá sáré ra àpò tuntun lè padà bá iná náà níbi tí ó ti fi í sílẹ̀.

Kí ó tó fi ọwọ́ kan wáyà aláwọ̀ ìyeyè kankan, ó yọ orí bátìrì, ó sì dúró fún ìṣẹ́jú 10. Ìdí ni pé ọpọlọ náà ń tọ́jú iná díẹ̀ pamọ́ kí àpò lè tú bí bátìrì tilẹ̀ fọ́ nínú ìjàǹbá. Kò fi ẹ̀rọ tí a fi ń wọn iná kan àpò fúnra rẹ̀ rárá, nítorí pé iná kékeré tí ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ń lò lè tú u lójú ẹni. Nígbà tí ó yọ àpò náà, ó gbé e kúrò ní ara, ó sì fi í lélẹ̀ pẹ̀lú ojú rẹ̀ sí òkè. Ní ipò àpò, ó fi ohun kékeré kan tí ń dí iná lọ́wọ́ ní ìwọ̀n kan náà bí àpò, ó tún so bátìrì, ó sì tún ka àṣìṣe. Àṣìṣe kò lọ. Bí ó bá ti lọ ni, àpò ni ì bá jẹ́bi. Kílọ́ọ̀kì-sípírìn ni ọ̀daràn náà. (Àwọn kan wà tí wọ́n máa ń fi ohun kékeré yẹn síbẹ̀ títí láé láti tan ọpọlọ jẹ, iná yóò kú, ṣùgbọ́n àpò kò sí.) Ó tún yọ orí bátìrì, ó dúró bí ti ìṣáájú, ó fi kílọ́ọ̀kì-sípírìn mìíràn síbẹ̀, ó dá àpò padà sí ipò rẹ̀, ó sì pa àkọsílẹ̀ àṣìṣe rẹ́. Bàbá yí kọ́kọ́rọ́. Iná tàn, ó sì kú.

Ó ku ohun kan tí iná yìí kò lè rí. Wáyà ni ó ń yẹ̀ wò, kò lè yẹ oògùn inú àpò wò. Ilé-iṣẹ́ Takata ti ilẹ̀ Japan lo oògùn kan tí ooru àti ọ̀rinrin ọdún pípẹ́ ń sọ di eléwu: nígbà tí àpò bá fẹ́ tú, agolo irin rẹ̀ a fọ́, àfọ́kù rẹ̀ a sì fò lu awakọ̀ bí ọta ìbọn. Ènìyàn ti kú nípa rẹ̀ ní Amẹ́ríkà àti ní ilẹ̀ mìíràn. Mílíọ̀nù lọ́nà 67 irú agolo bẹ́ẹ̀ ni wọ́n pè padà ní Amẹ́ríkà nìkan, Takata sì wọ gbèsè tí kò lè san ní 2017. Toyota àti Honda wà lára ọkọ̀ tí ọ̀rọ̀ náà kàn. Ojú ọjọ́ Florida wà lára ibi tí wọ́n kọ́kọ́ bẹ̀rù. Ooru àti ọ̀rinrin Èkó kò kéré sí tibẹ̀. Nítorí náà, kí bàbá náà tó lọ, réwáyà ní kí ó da nọ́ńbà oní-17 tí ó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú ọkọ̀ kọ sílẹ̀, kí ó fi béèrè lọ́dọ̀ àwọn tí ó ṣe ọkọ̀ náà bóyá ó wà lára àwọn tí wọ́n pè padà.