Ẹ̀yin Ọ̀dọ́ Àgbẹ̀: A Kì í Ta Fọ́ọ̀mù, Owó-Àyá Kì í Sì Í Ṣe Owó Ọ̀fẹ́

Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ń wá béèrè owó àgbẹ̀ lọ́dọ̀ wa ló ti sanwó fọ́ọ̀mù fún ẹlòmíràn kí wọ́n tó dé ibí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka ìwé yìí tán kí ẹ tó fún ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀.

1. Ẹ MÁ SANWÓ FÚN AṢOJÚ KANKAN
Ọ́fíìsì yìí kò ní aṣojú lẹ́nu géètì, ní ọjà tàbí lórí WhatsApp. Bí báǹkì bá ní owó iṣẹ́ láti gbà, yóò kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn. Kò ní rán ẹnikẹ́ni láti gbà á lọ́wọ́ yín ní títì. Ẹ má fi nọ́ńbà àṣírí káàdì báǹkì yín han ẹnikẹ́ni.

2. KÍ NI ACGSF Ń ṢE GAN-AN?
ACGSF (Agricultural Credit Guarantee Scheme Fund) ni ètò tó ń ṣe onídùúró fún owó tí àgbẹ̀ bá yá. Òfin ọdún 1977 ló dá a sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1978. Báǹkì Àpapọ̀ Nàìjíríà ló ń bójú tó o. ACGSF kì í yáni lówó. Báǹkì ló ń yáni. ACGSF ń ṣe onídùúró fún àgbẹ̀ lọ́dọ̀ báǹkì ni.

Bí àgbẹ̀ kò bá rí owó san, báǹkì yóò kọ́kọ́ ta ohun tí àgbẹ̀ náà fi dógò. ACGSF lè wá san ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tó bá kù. Bí gbèsè bá jẹ́ ₦400,000, tí ohun ìdógò sì mú ₦100,000 wá, ó ku ₦300,000. ACGSF lè san ₦225,000 níbẹ̀. Báǹkì ni yóò san án fún, kì í ṣe ẹ̀yin. Gbèsè ṣì wà lọ́rùn ẹni tó jẹ ẹ́.

A tún ń sọ ọ́: owó tí ẹ bá yá kì í ṣe owó ọ̀fẹ́. Kì í ṣe owó ìdìbò. Kì í ṣe ìpín ẹgbẹ́ òṣèlú. Ẹni tó bá ná an sí ìnáwó ìgbéyàwó yóò san án padà.

Ẹni tó bá san tirẹ̀ pé lásìkò ní èrè níbẹ̀: ètò ìdápadà èlé wà tó ń dá ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún èlé tó san padà fún un. Ẹni tó san ₦50,000 èlé yóò gba ₦20,000.

3. TA NI ÈTÒ YÌÍ WÀ FÚN?
Ẹni tó ń gbin nǹkan, tó ń sin adìẹ tàbí ẹja, tàbí tó ń fi ẹ̀gẹ́ oko rẹ̀ ṣe gaàrí.

4. OHUN TÍ Ẹ Ó MÚ WÁ
NIN, BVN, fọ́tò, ìwé àkáǹtì, àti ìwé tó fi hàn pé ẹbí tàbí onílẹ̀ fún yín láyè lórí ilẹ̀ náà.

5. Ẹ TÈTÈ WÁ
Ẹ má dúró di ìgbà tí òjò bá ti rọ̀. Ẹni tó fẹ́ gbin àgbàdo àkọ́rọ̀ ní oṣù kẹta tàbí ìkẹrin ọdún, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni kó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ sì sọ ìgbà tí ọjà yín yóò jáde fún báǹkì: adìẹ ẹlẹ́ran lè tó tà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ, ẹja àrọ̀ ní oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà, ẹ̀gẹ́ sì lè tó ọdún kan. Ẹ má fọwọ́ sí àdéhùn pé ẹ ó máa san án lóṣooṣù nígbà tí ẹ̀gẹ́ yín ṣì wà nínú ilẹ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè owó lọ́wọ́ yín lórúkọ wa, ẹ má san án. Ẹ wọlé wá bá ọ̀gá ọ́fíìsì lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ sì sọ ọ́.