Fífọ Fíìmù Pẹlẹbẹ Nínú Ilé Ẹni

 

Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé wa, fọ́tò àgbàlagbà kan wà lára ògiri pálọ̀. Ó jókòó sórí àga, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún, ó sì kọjú sí wa gan-an. Bí fọ́tò náà bá ti pẹ́, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé kámẹ́rà ńlá onígi ni a fi yà á, èyí tí ó dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta, tí ayàwòrán ń ki orí bọ abẹ́ aṣọ dúdú lẹ́yìn rẹ̀ kí ó tó pariwo pé, "Ẹ má mira o!" Irú kámẹ́rà bẹ́ẹ̀ kì í lo fíìmù tí a ń ká jọ. Fíìmù pẹlẹbẹ ni tirẹ̀, ẹyọ kan fún àwòrán kan. Èyí tí ó wọ́pọ̀ jù gùn ní íǹṣì 5, ó sì fẹ̀ ní íǹṣì 4. Ojú rẹ̀ tó ìlọ́po 15 ti fíìmù kékeré tí a ń ká. Ìdí nìyẹn tí a fi lè ka ìlà ara aṣọ òfì lára fọ́tò tí a fi í yà.

Ẹ má rò pé nǹkan àtijọ́ tí ó ti parẹ́ ni mò ń sọ. Ilford ní England, Kodak ní Amẹ́ríkà àti Foma ní orílẹ̀-èdè Czech ṣì ń ṣe fíìmù yìí, àwọn ènìyàn sì ń fi ọwọ́ ara wọn fọ̀ ọ́ nínú ilé. Bí a ti ń fọ̀ ọ́ ni mo fẹ́ ṣàlàyé lónìí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ohun kan. Nígbà tí mo wà ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni, mo yá irú kámẹ́rà yìí lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ bàbá mi kan tí ó ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ fọ́tò. Mo gbé e lọ sí abúlé, mo ya ìyá tí ó bí bàbá mi. Màmá wọ aṣọ funfun, wọ́n jókòó lábẹ́ igi ọsàn. Fíìmù ẹyọ kan péré ni mo ní. Nígbà tí mo padà dé, mo po kẹ́míkà pẹ̀lú omi gbígbóná gẹ́gẹ́ bí a ti kọ ọ́ sára páálí rẹ̀, ṣùgbọ́n ara mi kò gbà á kí n dúró kí ó tutù. Mo ki fíìmù bọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí mo máa tan iná, ojú fíìmù ti ń bó kúrò lára ike bí ìpẹ́. Ojú Màmá ti bá a lọ. Kí n tó tún ráyè dé abúlé, Màmá ti papò dà. N kò ní fọ́tò wọn mìíràn títí di òní. Kí irú èyí má baà ṣẹlẹ̀ sí yín ni mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí.

Kí ni ó dé tí ojú fíìmù fi bó? Ike tín-ínrín ni fíìmù. Ní ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀, a fi jẹlatíìnì bò ó. Ẹ̀yin tí ẹ ti se ẹsẹ̀ màlúù rí mọ ohun tí jẹlatíìnì jẹ́: omi rẹ̀ a dì bí ó bá tutù, a sì tún yọ́ bí a bá gbé e padà sórí iná. Láti inú egungun àti awọ ẹran ni jẹlatíìnì ti ń wá. Bí omi bá gbóná jù, yóò wú, yóò rọ̀, yóò sì ṣí kúrò lára ike.

Inú jẹlatíìnì yìí ni àwọn wóró iyọ̀ fàdákà wà, wọ́n kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí wọn. Nígbà tí kámẹ́rà bá la ojú fún ìṣẹ́jú àáyá kan, ìmọ́lẹ̀ yóò fi àmì sára wóró tí ó bá bà, ṣùgbọ́n àmì náà kò tíì hàn. Omi kẹ́míkà àkọ́kọ́, tí àwọn ayàwòrán ń pè ní díbẹ́lọ́pà, ni yóò sọ wóró tí ìmọ́lẹ̀ ti bà di fàdákà gidi, dúdú kirikiri. Omi kejì kíkan ni, òun ni yóò dá iṣẹ́ ti àkọ́kọ́ dúró. Omi kẹta ni háípò, tí yóò yọ́ gbogbo wóró tí ìmọ́lẹ̀ kò bà kúrò. John Herschel, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará England, ni ó ṣàkíyèsí ní 1819 pé háípò lè yọ́ iyọ̀ fàdákà, nígbà tí iṣẹ́ fọ́tò kò tíì dé ayé. Nítorí pé ibi tí ìmọ́lẹ̀ pọ̀ sí ni ó ń dúdú, aṣọ funfun a dúdú lára fíìmù, irun dúdú a sì mọ́. Èyí ni négétífù.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a wọ inú yàrá. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ fíìmù òde òní ń rí gbogbo àwọ̀, nítorí náà òkùnkùn biribiri ni a gbọ́dọ̀ ti fọ̀ wọ́n. Ilé ìwẹ̀ tàbí yàrá ìkẹ́rù tí kò ní fèrèsé dára, alẹ́ sì sàn ju ọ̀sán lọ. Ẹ fi aṣọ nípọn dí abẹ́ ilẹ̀kùn. Ẹ gbé fóònù jáde, ẹ bọ́ aago tí ń tàn. Lẹ́yìn náà, ẹ jókòó sínú òkùnkùn náà fún ìṣẹ́jú 5. Bí ẹ bá rí ọwọ́ ara yín, ìmọ́lẹ̀ ń wọlé; ẹ wá ihò náà kí ẹ dí i. Àwọn fíìmù kan wà tí kì í rí àwọ̀ pupa, irú èyí tí Ilford ń pè ní Ortho Plus. A lè tan iná pupa dúdú fún un, kí a sì máa wo àwòrán náà bí ó ti ń jáde.

Báwo ni a ó ti mọ ojú fíìmù nínú òkùnkùn? Ẹni tí ó ṣe é ti ronú nípa ìyẹn. Ó gé ẹnu kékeré sí etí rẹ̀. Bí ẹ bá di fíìmù mú lóòró, tí ìka ìfábẹ̀lá ọ̀tún yín sì kan ẹnu tí a gé náà ní igun òkè lápá ọ̀tún, ojú tí ó ní jẹlatíìnì ni ó kọjú sí yín.

Ọ̀nà mẹ́ta ni àwọn ènìyàn máa ń gbà fọ̀ ọ́ nínú ilé. Èkínní ni ti abọ́ pẹrẹsẹ. Ẹ to abọ́ mẹ́rin sórí tábìlì láti òsì sí ọ̀tún: omi lásán, díbẹ́lọ́pà, omi kíkan, háípò. Ẹ má ṣe yí ètò yìí padà láé, nítorí ọwọ́ ni ojú yín nínú òkùnkùn. Ọ̀nà kejì ni ti táǹkì. A ó fi fíìmù kọ́ sára férémù irin, a ó sì máa gbé e láti inú táǹkì kan sí èkejì. Èyí yẹ ẹni tí ó ní fíìmù púpọ̀, ṣùgbọ́n kẹ́míkà tí ó ń gbà pọ̀. Ọ̀nà kẹta ni ti páìpù. A ó gé páìpù tí àwọn púlọ́ńbà ń lò, èyí tí inú rẹ̀ fẹ̀ tó íǹṣì 2, a ó dí ìdí rẹ̀, a ó wá ìdérí fún ẹnu rẹ̀, a ó sì fi téèpù dúdú wé e kí ìmọ́lẹ̀ má baà là á já. A ó ká fíìmù sínú rẹ̀, kí ojú jẹlatíìnì kọ sí àárín. Bí a bá ti dé e tán, a lè tan iná, kí a sì máa yí i gbirigbiri nínú omi títí àkókò yóò fi pé. Ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ tún pa iná kí a tó ṣí i láti pààrọ̀ omi.

Ti abọ́ ni mo gbà yín níyànjú láti fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi fíìmù kan tí ẹ ti pinnu láti bàjẹ́ dánra wò, lójú mọ́mọ́ lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà kí ẹ di ojú. Ní ọjọ́ iṣẹ́ gan-an, ẹyọ fíìmù kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni kí ẹ fọ̀. Bí wọ́n bá di mẹ́ta tàbí mẹ́rin, igun ọ̀kan lè ha ojú èkejì.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ ooru. Ìwọ̀n 20 lórí tẹmómítà Celsius ni àwọn tí ń ṣe fíìmù fi ṣe ìṣirò wọn, ṣùgbọ́n omi ẹ̀rọ tiwa sábà máa ń tó 27 tàbí 28. Bí ooru bá ti ń pọ̀ ni díbẹ́lọ́pà ń yára. Ẹ jẹ́ kí a mú fíìmù Ilford HP5 Plus nínú díbẹ́lọ́pà ID-11 ṣe àpẹẹrẹ. Bí a kò bá bu omi là á, ìṣẹ́jú 7 ààbọ̀ ni yóò lò ní ìwọ̀n 20. Ní ìwọ̀n 24, yóò tó bí ìṣẹ́jú 5. Bí ó bá sì dín sí 5, ojú àwòrán kì í dọ́gba, yóò máa ní àbàwọ́n. Ọgbọ́n tí a ó dá ni kí a bu omi là á ní ìdajì sí ìdajì. Nígbà náà, yóò lo ìṣẹ́jú 13 ní ìwọ̀n 20, tàbí bí ìṣẹ́jú 9 ní ìwọ̀n 24. Ìyẹn fún wa ní àyè.

Láti mú omi tutù, àwọn ìyá wa ti fi ọ̀nà kan hàn wá. Omi inú àmù máa ń tutù ju ti inú ike lọ, nítorí pé díẹ̀ nínú rẹ̀ ń gba ara amọ̀ jáde, afẹ́fẹ́ sì ń gbẹ ẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ooru ń bá a lọ. Ẹ pọn omi sínú àmù láti àná. Bí kò bá tíì tó, ẹ gbé ìgò kẹ́míkà sínú bàsíà omi, kí ẹ sì ju yìnyín tí ó wà nínú ọ̀rá sí bàsíà náà. Yìnyín kò gbọdọ̀ kan kẹ́míkà. Ó sì yẹ kí gbogbo omi tí fíìmù yóò gbà kọjá súnmọ́ ara wọn ní ìwọ̀n ooru.

Iṣẹ́ gan-an rèé. Ẹ ki fíìmù bọ omi lásán fún ìṣẹ́jú 1. Ẹ gbé e bọ díbẹ́lọ́pà, ojú rẹ̀ sókè, kí ẹ sì máa gbé etí abọ́ sókè sódò pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, láti apá kan sí èkejì, títí àkókò yóò fi pé. Ẹ lè ní kí ọmọ kan dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn kí ó máa ka ìṣẹ́jú fún yín. Ẹ gbé e bọ omi kíkan fún ìdajì ìṣẹ́jú. Ife ọtí kíkan funfun kan sí ife omi mẹ́ta tó fún un. Lẹ́yìn náà, ó di inú háípò. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú méjì, ẹ lè tan iná. Ẹ óò rí i pé ojú fíìmù funfun bí wàrà, funfun náà yóò sì máa lọ díẹ̀díẹ̀. Iye àkókò tí ó bá fi mọ́ tán, ẹ fi ìlọ́po méjì rẹ̀ sílẹ̀ nínú háípò. Bí ẹ bá kánjú yọ ọ́, àwòrán náà yóò pọ́n bí ó bá yá, yóò sì ṣá.

Lẹ́yìn èyí, ẹ fi omi ṣàn án dáadáa. Níbi tí omi bá ti ṣọ̀wọ́n, kò di dandan kí ẹ̀rọ máa dà fún ìdajì wákàtí: ẹ máa rọ omi tuntun sínú abọ́, ẹ mì í, ẹ fi í sílẹ̀ díẹ̀, ẹ dà á nù, kí ẹ sì ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹ fi aṣọ mímọ́ sẹ́ omi tí ẹ óò lò kẹ́yìn. Ẹ fi ìgbámú gbé fíìmù kọ́ ní igun kan, ní ibi tí afẹ́fẹ́ kò ti fẹ́. Nígbà ọyẹ́, ẹ wọ́n omi sí ilẹ̀ yàrá náà ṣáájú, kí eruku lè balẹ̀.

Bí ó bá gbẹ tán, ẹ gbé e sójú ìmọ́lẹ̀. Bí ibi tí ó yẹ kí ó jẹ́ irun tàbí ojú àwọ̀ dúdú bá mọ́ gbangba láìní ohunkóhun, kámẹ́rà ni kò gba ìmọ́lẹ̀ tó; kò sí bí a ti lè fọ̀ ọ́ tí yóò fi padà wá. Ṣùgbọ́n bí aṣọ funfun bá dúdú tó bẹ́ẹ̀ tí iṣẹ́ ọnà ara rẹ̀ kò hàn mọ́, ó ṣeé ṣe kí ó ti pẹ́ jù nínú díbẹ́lọ́pà. Nítorí náà, bí ẹ bá ya ẹni tí ó wọ aṣọ funfun lójú oòrùn ọ̀sán gangan, ẹ jẹ́ kí kámẹ́rà gba ìmọ́lẹ̀ dáadáa, kí ẹ sì dín díẹ̀ kù nínú àkókò fífọ̀.

Ìkìlọ̀ kan kù. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, nítorí díbẹ́lọ́pà lè mú kí awọ ara máa yún ẹlòmíràn kí ó sì máa bó. Ẹ má ṣe lo abọ́ oúnjẹ. Ẹ má ṣe rọ kẹ́míkà sínú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò, kí ọmọdé má baà mu ún. Háípò tí a ti lò ní fàdákà nínú. Ẹ má ṣe dà á sí ẹ̀gbẹ́ kànga tàbí odò.

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ní 1978, ará Amẹ́ríkà kan, Stephen Sprague, tí ó ṣe ìwádìí láàrin àwọn ayàwòrán Ìlá Ọ̀ràngún, kọ ọ́ sílẹ̀ pé bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, ayàwòrán a máa tẹ àwòrán èyí tí ó wà láàyè lẹ́ẹ̀méjì sórí ìwé kan náà, kí àwọn méjèèjì lè jókòó pọ̀ lójú àwọn òbí wọn. Láti ara négétífù tí a fọ̀ dáadáa ni irú ìtùnú bẹ́ẹ̀ ti ń wá. Ní òpin ọ̀sẹ̀ yìí, bí ìyá àgbà yín bá wà láàyè, ẹ lọ ya fọ́tò wọn. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó fọ̀ ọ́, ẹ dákun, ẹ wo tẹmómítà.