Ẹ̀rọ Gìtá Àtijọ́: Ṣé Ó Tó Tún Ṣe?

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, bí ẹgbẹ́ yín bá ní ẹ̀rọ agbóhùnsókè gìtá àtijọ́ onífáàfù, kì í ṣe gbogbo ariwo ló ń béèrè owó ńlá. Bó bá ń ta pàrà nígbà tí ẹ ń yí bọ́tìnnì, ìdọ̀tí ni. Nínù lè tó. Ṣùgbọ́n bó bá ń kùn ṣáá, bó bá ń rùn bí ohun tó ń jóná, tàbí tí páànù inú fáàfù pọ́n yòò, ẹ pa á, kí ẹ pe oníṣẹ́. Èyí tó ti pẹ́ nílẹ̀ náà ń fẹ́ àyẹ̀wò, nítorí kàpásítọ̀ a máa gbẹ. A bẹ̀ yín, ẹ má tú u fúnra yín: iná apànìyàn ṣì lè wà nínú rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti yọ okùn rẹ̀. Owó ẹgbẹ́ ṣe é tún dá. Ẹ̀mí kò ṣe é rà.