Tata Inú Ọgbà Òdòdó

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá síwájú yín lálẹ́ òní lè dà bí ọ̀rọ̀ kékeré lójú ẹni tí kò gbin òdòdó sẹ́nu ọ̀nà rí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gba Òsí kọjá ní oṣù kejì ọdún, tàbí tí ó yà sí ọgbà ilé-ìwé kan ní Ìlọ́fà, yóò mọ ohun tí mo ń wí. Jinwínìnì tí ewé rẹ̀ pupa dòdò nígbà òjò yóò ti di ọ̀pá lásán. Ìdò tí àwọn ọmọ gbìn yí òpó àsíá ká yóò ti lu jálajàla bí aṣọ tí ikán jẹ. Lórí rẹ̀ ni ẹ ó ti bá tata, aláwọ̀ ewé, aláwọ̀ ìyeyè, aláwọ̀ dúdú, tí wọ́n tò bẹẹrẹ, tí wọn kò sì sá fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ya orúkọ sọ́tọ̀ kúrò lára orúkọ, nítorí pé iṣẹ́ èdè ni iṣẹ́ mi. Eṣú kọ́ ni èyí. Eṣú a máa fò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ láti ọ̀nà jíjìn, a jẹ oko tán, a sì kọjá lọ. Ìrẹ̀ kọ́ ni pẹ̀lú. Inú ihò ni ìrẹ̀ ń gbé, òru ni a sì ń gbọ́ ohùn rẹ̀. Tata tí mo ń sọ yìí ni àwọn onímọ̀ kòkòrò ń pè ní Zonocerus variegatus. Púpọ̀ nínú wọn ni ìyẹ́ wọn kúrú tó bẹ́ẹ̀ tí kò lè gbé wọn rìnnà jìnnà. Ẹ fi èyí sọ́kàn. Tata tí ń jẹ òdòdó yín kò ti òkèèrè wá. Inú ọgbà yín, tàbí ẹ̀yìnkùlé aládùúgbò yín, ni a ti pa á.

Kí a tó bẹ̀rẹ̀ ni olóòtú ètò yìí bi mí pé, "Ọ̀mọ̀wé, bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, níbo ni wọ́n ń wà nígbà òjò?" Ìbéèrè gidi ni. Abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n ń wà.

Láàárín àwọn ọdún 1970 ni àwọn onímọ̀ kan tọpa ìgbésí ayé tata yìí ní gúúsù Nàìjíríà. Ní 1986, R. F. Chapman, W. W. Page àti A. R. McCaffery kó ohun tí a ti mọ̀ nípa rẹ̀ jọ sínú àpilẹ̀kọ kan. Ohun tí ó hàn ni pé láti nǹkan bí oṣù kẹta sí oṣù karùn-ún, àwọn abo tata a máa pé jọ sí ojú kan, ní abẹ́ igbó tí ó ní òjìji, níbi tí ilẹ̀ ti rọ̀. Níbẹ̀ ni wọ́n ń ki ìdí bọ ilẹ̀, tí wọ́n ń yé ẹyin tí wọ́n fi ohun bí ìfófòó bò. Ìfófòó náà a gbẹ, a di apó kékeré. Abo kan kì í dá lọ yé. Ọgọ́ọ̀rọ̀ wọn ni ń pín ojú ilẹ̀ tí kò fẹ̀ ju ẹní méjì lọ. Ẹyin náà yóò wà nílẹ̀ fún nǹkan bí oṣù mẹ́fà. Òjò yóò rọ̀ lé e, àwa yóò máa rìn lórí rẹ̀, títí di oṣù kẹwàá tàbí ìkọkànlá, nígbà tí ọmọ tata dúdú wínníwínní yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Wọn yóò bọ́ awọ lẹ́ẹ̀márùn-ún tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́fà kí ìyẹ́ wọn tó pé. (Ìran mìíràn tún wà tí í máa jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, ṣùgbọ́n ti ọ̀gbẹlẹ̀ ni ó ń ba òdòdó wa jẹ́ jù.) Nítorí náà, ọ̀tá tí ẹ rí nínú ọyẹ́ ti ń bá yín gbélé láti ìgbà Àjíǹde ọdún tí ó kọjá.

Igbó wo ni ó ń fún wọn ní òjìji? Èyí tí ó pọ̀ jù ni ewé kan tí àwọn kan ń pè ní Akíntọ́lá, tí àwọn mìíràn ń pè ní Awólọ́wọ̀; ẹgbẹ́ òṣèlú tí baba ẹni wà nígbà náà ni ó ń sọ èyí tí ẹni yóò fi pè é, mo rò bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe ewé ilẹ̀ wa. Àkọsílẹ̀ sọ pé ní nǹkan bí 1937 ni ó bá èso igi Gmelina wọlé láti Sri Lanka. Lónìí kò sí ilẹ̀ àpatì kan tí kò sí. Nínú ọyẹ́ ni ó ń yọ òdòdó, tata a sì máa wọ́ tẹ̀lé òórùn òdòdó náà. Ìdí rẹ̀ ni pé oró kan wà nínú rẹ̀ tí tata ń jẹ sára, tí abo ń fi sínú ẹyin, kí àwọn tí í máa pa ẹyin jẹ lè yàgò fún un. Mi ò ní kí a pa ewé náà run. Ẹni tí àdá bá gé lóko mọ ìwúlò rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ó má ṣe sún mọ́ ọgbà òdòdó. Èmi náà fi í sílẹ̀ lẹ́yìn ilé mi fún ọdún mẹ́ta nítorí òjìji, mo sì jìyà rẹ̀.

Ó kan ọ̀ràn oògùn, èyí tí ó mú mi gbà láti wá sórí ètò yìí. Àwọn àgbẹ̀ Òkè-Èrò àti Èkìtì ti Kwara ń gbin kòkó, nítorí náà oògùn kòkó kì í wọ́n nílé. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni a fi Gammalin 20 pa kòkòrò kòkó. Lindane ni oró inú rẹ̀, ní 2009 ni àdéhùn Stockholm sì kà á mọ́ àwọn májèlé tí àwọn orílẹ̀-èdè gbọ́dọ̀ kọ̀ sílẹ̀. Òdòdó kò jìnnà sí kànga, kò jìnnà sí ilé ìdáná, ọwọ́ ọmọdé sì ni ó ń já a. Ẹ má ṣe fọ́n ìyókù oògùn kòkó sí i, ohun yòówù tí à báà máa pè é. Tata tí ó ti dàgbà kì í tètè kú, ẹyin abẹ́ ilẹ̀ kò sì mọ̀ pé ẹ fọ́n nǹkan kan.

Ọkọ́ ni ó yẹ kí a mú. Ní oṣù kẹrin, ẹ wo abẹ́ igbó àti abẹ́ òdòdó tí a gbìn ṣe ọgbà yí ilé ká; ibi tí ẹ bá ti rí tata tí ó pọ̀ nílẹ̀ lọ́sàn-án, ibẹ̀ ni. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yé tán. Lẹ́yìn náà, ẹ gé igbó orí rẹ̀, kí ẹ sì hú ilẹ̀ náà jìn tó ìka ọwọ́ kan. Apó ẹyin yóò jáde. Ẹ má ṣe bò ó padà; oòrùn yóò gbẹ ẹ́. Èyí tí ó bá yọ lọ́wọ́ yín, ẹ ó bá ọmọ rẹ̀ ní oṣù kọkànlá tí wọ́n ṣùjọ sórí koríko kúkúrú ní àfẹ̀mọ́júmọ́, nígbà tí òtútù kò tíì jẹ́ kí wọ́n lè ta. Garawa omi ọṣẹ kan tó láti gbọ̀n wọ́n sí.

Kì í ṣe òdòdó nìkan ni a fi ń gbà là. Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá le, tí òdòdó tán, ẹ̀gẹ́ ni ó kàn, tata a sì máa jẹ ewé rẹ̀ tán kí ó tó bọ́ sí èèpo ara igi rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹnì kan kò fi lè dá iṣẹ́ yìí ṣe ní agboolé. Ojúlé mẹ́wàá lè máa jìyà ẹyin tí ó wà lábẹ́ igbó ẹnì kan. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kó àwọn ọmọ yín jáde kí ìsinmi Àjíǹde tó dé, kí wọ́n fi igi sàmì sí ojú ibi tí tata ń yé sí. Nígbà tí wọn yóò bá fi padà, koríko yóò ti bo ibẹ̀.