Kí Ẹyin Àgbébọ̀ Má Baà Máa Fọ́

Ọ̀rọ̀ tòní kan àwa tí a ń sin adìyẹ, tí a sì ń ta ẹyin.

Àwo ẹyin kan ń gba ẹyin 30. Bí 3 bá sán kí ọkọ̀ tó dé ọjà, owó ẹyin 3 ti ṣòfò. Àwa ni a pàdánù rẹ̀.

Èé ṣe tí ẹyin àgbébọ̀ fi ń tètè fọ́? Bí adìyẹ ṣe ń dàgbà, ẹyin rẹ̀ ń tóbi sí i, ṣùgbọ́n èèpo rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí i. Nítorí náà èèpo náà fẹ́lẹ́. Ìfun rẹ̀ pẹ̀lú kò gba kálísíọ̀mù mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀.

Kálísíọ̀mù ni ohun tí ń mú egungun àti èèpo ẹyin le. Ó pọ̀ nínú ìkarahun ìgbín àti ìkarahun etí òkun. Èyí tí ó wà nínú àgbàdo kò tó nǹkan. Èèpo ẹyin 1 ń gbà tó gíráàmù 2. Bí adìyẹ kò bá rí i jẹ, inú egungun ara rẹ̀ ni yóò ti yọ ọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò sì di aláìlágbára.

Kí ni kí a ṣe?

1. Ẹ ṣa ìkarahun jọ. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ sè é, kí ẹ sì sá a gbẹ.

2. Ẹ fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́ bí àgbàdo tí a fọ́. Ẹ má lọ̀ ọ́ kúnná. Òru ni adìyẹ ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú èèpo ẹyin, kò sì ń jẹun lóru. Ègé líle yóò wà nínú iwe rẹ̀, yóò máa yọ́ díẹ̀díẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Èyí tí ó kúnná á ti tán.

3. Ẹ kó o sínú àwo ọ̀tọ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Adìyẹ fúnra rẹ̀ yóò jẹ ìwọ̀n tí ó tó o.

4. Ẹ má fún òròmọdìyẹ. Bí ó bá pọ̀ jù, ó ń ba kíndìnrín wọn jẹ́.

Bí ẹyin gbogbo agbo bá ṣàdédé rọ̀, tọmọdé tàgbà, ó lè jẹ́ àrùn. Ẹ tètè pe oníṣègùn ẹran.

Ìkarahun kò lè sọ àgbébọ̀ di ọ̀dọ́ o. Èyí tí kò yé mọ́, ẹ tà á. Ṣùgbọ́n èyí tí ó ṣì ń yé, ẹ fún un ní ìkarahun nírọ̀lẹ́ òní.

Ẹ ka ìwé yìí fún aládùúgbò yín tí kò tíì mọ̀wé kà.